Ẹ̀jẹ̀ pé, ẹ̀ṣọ́ ara kò tíì mọṣẹ́: Ìyá Nọ́ọ̀sì dá yín lóhùn

Lẹ́tà mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ gbígba sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ló wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí. Màá pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 42 ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester ni mò ń gbé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kọlù mí lọ́dún tó kọjá. Wọn ò rí àjèjì kankan tí tiwa bára mu délẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló wá láti Ìbàdàn wá fún mi ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì péré la fi bára mu. Ó ti pé oṣù 10 báyìí. Irun mi ti hù, mo ti ń lọ sọ́jà fúnra mi, ìwé àyẹ̀wò sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti pé. Ìyá wa máa pé 80 ọdún nínú oṣù Kejìlá, gbogbo ẹbí ti dá aṣọ. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ lọ, pé ààbò ara mi dà bíi ti ọmọ tuntun. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa dẹ́rù bani. Ẹ gbà mí o: báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pé tí ààbò ara ò ní pé? Ọjọ́ 10 péré ni mo fẹ́ lò. – Àbúrò yín ní Manchester

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú ewu. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà mo lọ jókòó síta fún ìgbà díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ayẹyẹ ìyá ẹni kí ọmọ má sí níbẹ̀. Ọdún 21 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ́nù kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Má lọ lóṣù Kejìlá yìí. Dókítà rẹ kò dẹ́rù bà ọ́. Jẹ́ kí n là á yé ọ débi tí ìwọ náà á fi lè là á yé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ.

Kí wọ́n tó fa sẹ́ẹ̀lì àbúrò rẹ sí ọ lára, wọ́n ti kọ́kọ́ fi kẹ́mò líle, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, gbá inú egungun rẹ mọ́. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè lé àlejò burúkú yẹn kí wọ́n má lé onílé pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó ti ń ṣọ́ ara rẹ láti kékeré bá a lọ: àwọn tó bá èéyi jà nígbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ ní ohun tí tẹ́tánọ́ọ̀sì, rọpárọsẹ̀ àti ikọ́ àwúbì jẹ́. Wo apá rẹ. Àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n gún ọ nígbà tí o wà ní ìkókó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn àpá yẹn ti lọ. Díẹ̀ nínú ìmọ̀ àbúrò rẹ bá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọlé, àmọ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ló ń ṣá, a kì í gbọ́kàn lé e. Kódà ọmọ tuntun sàn díẹ̀ jù ọ́ lọ, torí ìyá rẹ̀ ti fi ohun ìjà díẹ̀ dì í lẹ́rù láti inú oyún.

Wàyí o, ẹ̀jẹ̀ tó pé. Ẹ̀ṣọ́ ara kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni neutrophil, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí mo máa ń fi wé ọlọ́dẹ àdúgbò. Ọlọ́dẹ kò nílò kó mọ orúkọ olè. Ohunkóhun tó bá ń yọ́ rìn lóru, ó ti fi kùmọ̀ bà á. Ní wọ́ọ̀dù wa, àràárọ̀ la máa ń kọ iye wọn síwájú ibùsùn: òdo, òdo, òdo, títí ọjọ́ kan a ó kọ 100, a ó kọ 200. Tí wọ́n bá ti lé ní 500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, tí wọn ò sì já wálẹ̀ fún ọjọ́ 3, a ó ní sẹ́ẹ̀lì ti ta gbòǹgbò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló sábà máa ń gbà. Mo ti rí ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó sunkún níwájú nọ́ńbà yẹn. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn kan tí wọ́n ń pè ní NK náà máa ń dé. Àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ pupa àti pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá), ni ìwé àyẹ̀wò rẹ ń sọ nígbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ti pé. Òótọ́ ló sọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ní láti lọ kọ́ṣẹ́. B ni àwọn tó ń rọ ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní antibody. Iye wọn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù 6 sí ọdún 1, àmọ́ kí iye pé yàtọ̀ sí kí ọwọ́ mọ́ iṣẹ́. T ni ọ̀gá wọn, òun ló sì ń dà mí láàmú nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ẹ̀yìn egungun àyà ni ilé-ìwé T wà, nínú kókó ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní thymus. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn láti mọ ará ilé yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ìgbà ọmọdé ni ilé-ìwé yìí ń kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Tí èèyàn bá ti bàlágà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, ọ̀rá a máa gba ipò rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 tó gba sẹ́ẹ̀lì máa ń tètè kó T tuntun jọ. Ẹni ọdún 42, kíláàsì tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Ọdún 1 sí 2 la máa ń kà fún un, tí ohunkóhun ò bá dí i lọ́wọ́. Bi dókítà rẹ pé mélòó ni CD4 rẹ báyìí, ìyẹn iye oríṣi T kan tó ń darí àwọn yòókù. Àwọn tó ti bá ẹni tó ní HIV lọ kíníìkì mọ orúkọ yẹn dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé tí kò bá tó 200, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Nǹkan méjì sì ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn fún ọ. Àkọ́kọ́ ni ìdajì tí ìwọ àti àbúrò rẹ fi bára mu, ìyẹn nínú àwọn àmì ara tí ẹ̀ṣọ́ fi ń mọ ará ilé. Láyé ọjọ́sí, irú èyí kò ṣeé dán wò. Àwọn dókítà Johns Hopkins ní Baltimore ló wà lára àwọn tó là á lójú pé téèyàn bá gba oògùn cyclophosphamide lọ́jọ́ 3 àti ọjọ́ 4 lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń pa àwọn tó fẹ́ bá ara jà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún un, á sì dá àwọn yòókù sí. Ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ìdúró díẹ̀ fún àwọn T tó yẹ kó tètè dé. Èkejì ni oògùn bíi ciclosporin tàbí tacrolimus tí ó ṣeé ṣe kí o ṣì máa lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di àwọn ẹ̀ṣọ́ àbúrò rẹ lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa dojú ìjà kọ awọ ara rẹ, ìfun rẹ àti ẹ̀dọ̀ rẹ, torí lójú wọn, ìwọ gan-an ni àjèjì. Má bínú sí wọn o. Àwọn yìí kan náà ló ń lé ìyókù jẹjẹrẹ kiri nínú rẹ. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dè lọ́wọ́ kò lè lé olè dáadáa. (Má sì jẹ gírépúfúrúùtù, èyí tó jọ ọsàn ńlá, tí o bá wà lórí oògùn yẹn, ó máa ń jẹ́ kí oògùn náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀.)

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pé wọn ò rí àjèjì tó bá ọ mu, torí ó ń dùn mí. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú 100 aláwọ̀ funfun tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, nǹkan bí 75 ló lè rí ẹni tó bá wọn mu délẹ̀ nínú ìwé àwọn olùfúnni níbẹ̀. Fún àwọn ọmọ Áfíríkà Amẹ́ríkà, 19 péré ni. Jíìnì tiwa pọ̀ ní oríṣiríṣi, àwa tó forúkọ sílẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ti pé ọdún 16, tí ẹ kò tíì kọjá 30, Anthony Nolan, àjọ tó ń kó orúkọ àwọn olùfúnni sẹ́ẹ̀lì jọ, ń gbà yín. Itọ́ ẹnu lára òwú lásán ni wọ́n ń béèrè láti fi bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ. Télọ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ara rẹ̀ yá kánmọ́kánmọ́. Ní oṣù keje, ó lọ síbi ìkómọjáde. Kò jẹ oúnjẹ ibẹ̀, kò mu omi ibẹ̀, ó rò pé òun ti ṣọ́ra tó. Ṣùgbọ́n wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n gbé ọmọ fún un, àwọn ọmọdé tí imú wọn ń ṣàn rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀finkìn lásán lára àwọn ọmọ yẹn di òtútù àyà lára rẹ̀, ó sì lo ọ̀sẹ̀ 5 lọ́dọ̀ wa lórí ọ́síjìn. Ó yè é. Ọjọ́ tó ń lọ sílé, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló ń ṣe ìfẹ́ sí mi."

Nílé wa níbí, ohun tó yẹ kó o bẹ̀rù ju ọ̀finkìn lọ. Ibà pọ́njú ni màá kọ́kọ́ mẹ́nu bà, torí òun ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ó ṣeé ṣe kí káàdì yẹ́lò rẹ, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ṣì wà nínú páálí, kí àwọn aṣọ́bodè sì gbà á, nítorí láti oṣù Keje 2016 ni àjọ WHO ti ní abẹ́rẹ́ kan tó fún gbogbo ayé ẹni. Ìwé náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ara tí wọ́n gún un sí kò ní ẹ̀ṣọ́ ìgbà yẹn mọ́. O kò sì lè lọ gún òmíràn báyìí: kòkòrò ààyè tí wọ́n sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, lára ẹni tí ààbò rẹ̀ kò tíì dúró, aláìlágbára yẹn lè di alágbára. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ èéyi. Wọn kì í gún un fún ẹni tó gba sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn kó tó pé ọdún 2, ìgbà náà sì rèé, ó gbọ́dọ̀ ti bọ́ lórí oògùn tó ń di ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, kí ìjà àlejò àti onílé, ìyẹn ìjà sẹ́ẹ̀lì tó gbà pẹ̀lú ara rẹ̀, sì ti rọlẹ̀.

Ibà tí gbogbo wa ti kà sí nǹkan kékeré náà ń bẹ. Agbára tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó dàgbà sílé ní sí ibà, ìwọ kò ní in mọ́. Oṣù Kejìlá sì ni ọyẹ́ máa ń kó eruku dé, hóró kíkínkínní kòkòrò olú tí wọ́n ń pè ní Aspergillus a máa bá eruku rìn; lẹ́nu àyà tìrẹ, ó lè fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Tàbí kí àwọn ìyàwó ilé gbé ọmọ ọwọ́ lé ọ lẹ́sẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ sẹ́nu, tí kòkòrò ààyè inú rẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. N kò tíì dárúkọ ìrẹsì inú kúlà tó ti wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀. Tí gbogbo èyí ò bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, rò ó wò: aago 2 òru, lẹ́yìn ayẹyẹ, tẹmómítà kà 38. Ní Manchester, o mọ nọ́ńbà tí wàá pè, wọ́n á sì ti fa oògùn sí ọ níṣan láàárín wákàtí kan tí o bá débẹ̀. Ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde lóru yẹn, ta lo máa pè, tó máa mọ ohun tí ara rẹ jẹ́?

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi nìyí. Mo máa bi wọ́n ní kíníìkì bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára mi láti ìpilẹ̀, torí pé láti oṣù 3 sí 6 ni èyí tí kò ní kòkòrò ààyè nínú ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ti òtútù àyà, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ àwúbì, fúlúù. Ní oṣù 10, ó yẹ kí wọ́n ti gún ọ ní díẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ náà gbọ́dọ̀ gba ti fúlúù. Aciclovir rẹ àti Septrin, àwọn oògùn tó ń dènà àrùn, má dá wọn dúró nítorí pé ara rẹ yá. Dókítà ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dúró. Kí o sì mú déètì ọdún kejì lọ bá dókítà rẹ, kí ẹ jọ wò ó: CD4, oògùn, àwọn abẹ́rẹ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, á kọ ìwé sí ọ lọ́wọ́ fún àwọn aṣọ́bodè, á yan oògùn ibà tí kò ní bá oògùn rẹ jà, ìwọ á sì lọ kí ìyá rẹ.

Ṣùgbọ́n tí Màmá bá lágbára àtiwọ bàálù, kí ló dé tí wọn ò lè wá sọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn Àjíǹde, nígbà tí ọ̀finkìn òtútù bá ti lọ? Ní ọjọ́ ayẹyẹ náà, ran aṣọ ẹbí rẹ, wé gèlè, kí wọ́n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ Màmá ní tábìlì gíga. Sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi àga rẹ sílẹ̀ ní òfo, kí ẹnikẹ́ni má jókòó níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. AA ni mí láti kékeré. Lọ́dún 3 sẹ́yìn, ní Houston, mo gba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Báyìí tí mo fẹ́ gbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé ní ká mú ìwé jẹ́nótáìpù wá, tèmi wá jáde ní AS! AS ni àfẹ́sọ́nà mi. Wọ́n ní ká fi ara wa sílẹ̀. Ṣé àṣìṣe ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kì í ṣe àṣìṣe. Inú egungun rẹ, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n yẹ̀ wò. AS ni òun. Bóyá bùlọ́ọ̀dù gúrúùpù rẹ náà ti di tirẹ̀. Ohun yìí kan náà ni wọ́n fi ń wo fòníkú-fọ̀ladìde sàn. Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UBTH ní Benin, wọ́n ṣe é lọ́dún 2011.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ti inú egungun wá. Àtọ̀ rẹ ni ọmọ ti ń wá, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì débẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé AA ni ọ́ kó tó di pé wọ́n ṣe é, AA lo máa fún ọmọ, kò sì sí bí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ ṣe máa bí SS. Gba ìwé àyẹ̀wò àtijọ́, tí dókítà ti buwọ́ lù, lọ bá pásítọ̀. Tí ìwé yẹn bá ti sọnù, àyẹ̀wò jíìnì láti ara irun tàbí awọ ara lè dáhùn. Ẹ má lo ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín yí padà sí òdìkejì, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi: tó bá jẹ́ AS ni yín tẹ́lẹ̀, tí ẹ gba sẹ́ẹ̀lì AA, ìwé á máa pè yín ní AA, síbẹ̀ ẹ ṣì lè fún ọmọ ní S. Ẹ má fi ìwé yẹn fẹ́ ẹni tó jẹ́ AS láìsọ fún un.

Ohun kan kù, ọmọ mi, tí n kò lè fò. Kẹ́mò líle yẹn lè ti ba ọ̀nà àtọ̀ jẹ́. Ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí ìgbéyàwó tó dé, kí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ sì jọ gbọ́ èsì rẹ̀ pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà pamọ́ ní India tí wọ́n sì dá padà fún un nítorí myeloma, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ó ti pé oṣù 4. Ìyá ọkọ mi ń po àgbo fún un láràárọ̀, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni, kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. – Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú o. Lóòótọ́, ẹni tó gba sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ máa ń tètè gbérí ju ẹni tó gba ti ẹlòmíràn lọ, kò sì sí ìjà àlejò àti onílé. Ṣùgbọ́n kẹ́mò tó gbá inú egungun rẹ̀ mọ́ kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ni wọ́n á dá padà. Abẹ́rẹ́ ìgbà ọmọdé rẹ̀ ti di ẹ̀dínkù, wọ́n ní láti tún un gún. Ẹ mú gbogbo ìwé India lọ sí ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó súnmọ́ yín, UCH tàbí ibòmíràn, kí ẹ sì bèèrè èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ gún. Òtútù àyà ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbo náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún Màmá pé kí wọ́n dá a dúró títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Ewé àti èèpo tó wá láti oko máa ń ru kòkòrò olú bọ̀ nílé, pàápàá èyí tí wọ́n rẹ sínú omi tútù fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ ọkọ yín kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ oògùn òyìnbó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ewé. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan fún ọmọ wọn, kí wọ́n ro àmàlà gbígbóná fún un, kí wọ́n se ọbẹ̀ rẹ̀ jinná, kí ó jẹ ẹ́ kó tó tutù. Tí ẹ bá sì ń sin adìẹ, ẹlòmíràn ni kó máa gbá ìdí àgò wọn.